Bẹ́ ẹ ṣe lè lúwẹ̀ẹ́ ìdíje kẹ́ ẹ sì tún di akọ̀ròyìn orin rock

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé èwo ni kẹ́ ẹ mú nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ìdíje àti kíkọ ìròyìn orin rock, ẹ mú méjèèjì jàre, ètò nìkan ló ń fẹ́. Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi bá yín sanwó ilé ìwé, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi ìlúwẹ̀ẹ́ gba sikọ́láṣíìpù ní yunifásítì Amẹ́ríkà, kí ilé ìwé wá kọ́ yín níṣẹ́ ìròyìn.

Omi ló máa ṣíwájú, torí ara ò ní dúró dè yín. Lóòótọ́ Dara Torres, òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà, gba fàdákà mẹ́ta ní Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, ó ti pé ọmọ ọdún 41 nígbà yẹn, àmọ́ irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ìwé kíkọ ní tiẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré bíi Cameron Crowe tó ti ń kọ fún Rolling Stone, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà, kó tó pé ọmọ ọdún 17, ẹ sì lè máa kọ ọ́ títí orí á fi hu ewú.

Tẹ́ ẹ bá ti ń wẹ̀, ẹ wá ìdíje tí àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ mọ̀ sí, torí ohun tí kóòṣì yunifásítì Amẹ́ríkà máa kọ́kọ́ bi yín ni àkókò yín. Ẹ kọ ọ́ síwájú àkókò kọ̀ọ̀kan bóyá pool mítà 50 ni àbí 25, torí ti 25 máa ń yá jù, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń ta ògiri lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí ló fà á. (Yáàdì 25 ni wọ́n ń lò jù lọ́hùn-ún, kóòṣì á bá yín ṣírò ẹ̀.) Ẹ ya fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń fò wọlé àti bẹ́ ẹ ṣe ń yí, kẹ́ ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́. Nínú ìpele tí wọ́n pín eré ìdárayá yunifásítì sí lọ́hùn-ún, Division I àti II ló ń fún òmùwẹ̀ ní sikọ́láṣíìpù, Division III àti Ivy League (ẹgbẹ́ yunifásítì mẹ́jọ kan tó lókìkí) kì í fúnni torí eré ìdárayá. Kì í sì í ṣe gbogbo owó ni wọ́n máa ń san, ẹ béèrè iye tó máa kù sí bàbá yín lọ́rùn.

Ibi tọ́pọ̀ ti ń ṣì í nìyí o: pool nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ bi wọ́n pé ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ìròyìn tiwọn, ṣé wọ́n ní rédíò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ síbẹ̀. Àmọ́ físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ owó ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé ń lọ lọ́wọ́, inú ọgbà ilé ìwé náà sì ni. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni níta tó sanwó àpilẹ̀kọ fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń kọ nípa orin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látilé, a ní rock! Ẹ gbọ́ Chapter One, àwo orin tí BLO, báǹdì rock Nàìjíríà, ṣe lọ́dún 1973: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins nídìí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìmú bírò dání, ẹ tún un gbọ́ kẹ́ ẹ fetí sí béèsì nìkan, ẹ tún un gbọ́ kẹ́ ẹ kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan ti yí padà. Ẹ má kọ "orin yìí dùn gan-an," ẹ sọ ohun tí ìlù ṣe tó fi dùn. Lẹ́yìn náà ẹ wádìí ibi tí wọ́n ti wá, ẹ máa rí i pé Jones àti Akins ti bá Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe báǹdì tó ń jẹ́ Salt, àwọn ìbejì Lijadu náà bá Salt kọrin ní Munich lọ́dún 1972, níbi Òlíńpíìkì tí Mark Spitz ti gba góòlù méje nínú omi. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn, omi àti gìtá nínú ìlú kan náà.

Ẹ má gbowó lọ́wọ́ báǹdì o. Ẹnì kan fi àpò owó lé mi lọ́wọ́ rí lẹ́yìn eré, mo dá a padà, inú bí i, àmọ́ mo kọ ohun tí mo gbọ́.

Ní ti àkókò, tí kóòṣì bá ní aago márùn-ún àárọ̀ lẹ máa wọ omi, ẹ má lọ síbi eré lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ẹ̀. Alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́ láìsí ìdánrawò ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ kọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀, nígbà tí etí yín ṣì ń hó, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí olóòtú kẹ́ ẹ tó sùn.