Bí a Ṣe Ń Ra Máṣíìnì Tuntun, Tí Wọ́ráńtì Rẹ̀ Kò Fi Ní Bọ́ Mọ́ni Lọ́wọ́

Àwọn tó ń pè mí pé kí n bá wọn lọ ra máṣíìnì sábà máa ń ti yan èyí tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó pè mí: èyí tí aládùúgbò wọn ń gùn, tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wọ̀ wọ́n lójú. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. Tíṣà tó ń gba ọ̀nà ọ̀dà lọ sílé ìwé, tí kò gbé ju ara rẹ̀ àti báàgì lọ, ẹ́ńjìnnì 100 (ìyẹn cc, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó) ti tó o, epo kò sì ní ná an lówó púpọ̀. Àgbẹ̀ tó fẹ́ fi kó gbágùúdá gba inú ẹrẹ̀ àti orí òkè, 125 tàbí 150 ni kó lọ bá. Ẹni tó ń gbé Èkó, kó kọ́kọ́ wádìí ọ̀nà tí yóò máa gbà, nítorí láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní Ìkẹjà, Súrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland, wọ́n sì tún fi ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn kún un lọ́dún kan náà.

Kí ẹ tó fojú kan ṣọ́ọ̀bù, ẹ yà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò yín. Ẹ bi í pé èwo ló mọ̀ ọ́n tú, tó sì mọ̀ ọ́n tò. Bajaj Boxer àti TVS kún ìgboro àti abúlé wa nítorí pé ẹ̀yà ara wọn kò ṣòro rí. Ẹni tó bá dé Géètì n'Íbàdàn kò ní padà lọ́wọ́ òfo. Èyí tó jẹ́ pé ẹ ní láti ránṣẹ́ sí Nnewi nítorí kébù kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Òfin tèmi ni pé mẹkáníìkì tó mọ máṣíìnì náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹ lè tì í dé bó bá kú.

Ní ṣọ́ọ̀bù

Inú páálí ni ọ̀pọ̀ máṣíìnì tuntun ti ń dé. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló ń tò ó pọ̀ níta: táyà iwájú, ọwọ́, dígí, bátìrì. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi parí. Ẹni tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, tí òjò ti ṣú, ohun tí wọ́n bá sáré tò ni yóò gbé lọ sílé.

Ẹ wá nọ́ńbà méjì kí ẹ tó sanwó tán. Ti ṣáásì wà lára ọrùn férémù, lábẹ́ ọwọ́. Ti ẹ́ńjìnnì wà lára irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀. Mo máa ń fi àkísà nu ún, n óò tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, n óò wá fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rà á títí nọ́ńbà yóò fi jáde sójú bébà bó ṣe wà gan-an. Fọ́tò fóònù náà dára, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn, 8 àti B máa ń jọ ara wọn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ti rìsíìtì, ẹ ní kí wọ́n gbé máṣíìnì mìíràn jáde tàbí kí wọ́n kọ rìsíìtì tuntun. Ẹ má gba ìwé tí wọ́n fi báírò tún ṣe. Níbi tí ẹ ti fẹ́ gba nọ́ńbà ọkọ̀ ni lẹ́tà yẹn yóò ti kọ́kọ́ dí yín lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́ráńtì, ìyẹn ìlérí pé wọn yóò dáhùn bí máṣíìnì bá bàjẹ́.

Bátìrì ló ń yára kú jù nínú máṣíìnì tuntun, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sì ti máa ń pa á. Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ásíìdì sí i. Bí wọ́n bá bu ú tán, ó yẹ kó jókòó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí wọ́n wá gbé e sórí cháàjà kékeré fún wákàtí mélòó kan. Ọmọ tó ń kánjú yóò bu ásíìdì, yóò so wáyà, yóò sì tẹ sítátà lójú ẹsẹ̀. Yóò dún, ẹ óò pàtẹ́wọ́, bátìrì yẹn kò sì ní pẹ́ rárá. Bí iná kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ẹ san owó àsansílẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ yẹ ọ́ìlì wò kí ẹnikẹ́ni tó tẹ sítátà, nítorí pé àwọn kan máa ń dé láìní ọ́ìlì nínú. Ìyókù kò le. Sípánà 10, 12, 14 àti 17 ni mo máa ń mú dání láti fi dán bóòtù ọwọ́, ti táyà àti ti síìtì wò fúnra mi. Ẹni tí kò bá ní sípánà lè ní kí wọ́n fún òun ní tiwọn, wọn kò ní bínú.

Ìwé wọ́ráńtì

Wọ́ráńtì tí kò sí nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ni. “Bó bá yọnu, ẹ gbé e wá” kò ní oṣù, kò ní kìlómítà, ọmọ tó sì sọ ọ́ lè má sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e wá. Ẹ béèrè ìwé tí ó ní òǹtẹ̀, orúkọ yín àti nọ́ńbà ṣáásì tí ẹ fi pẹ́ńsù rà sójú bébà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ óò máa san owó rẹ̀, ẹ wádìí orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé náà: tiyín ni, àbí ti ẹni tó yá yín lówó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọn yóò dá lóhùn.

Wọ́n sábà máa ń kọ oṣù àti kìlómítà pọ̀, pẹ̀lú “èyí tó bá kọ́kọ́ pé”. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ rò dáadáa. Ọlọ́kadà tó ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí dalẹ́ yóò ti lo kìlómítà rẹ̀ tán nígbà tí oṣù ṣì kù rẹpẹtẹ, nítorí náà kìlómítà ni kó fi ṣe òṣùwọ̀n bó bá ń fi ṣọ́ọ̀bù kan wé èkejì. Tíṣà wa, oṣù ni tirẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò ní dáhùn fún máṣíìnì tí wọ́n fi ń gbé èrò.

Búréékì, ṣéènì, púlọ́ọ̀gì, gílóòbù, táyà, kébù àti àwo kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo ohun tó ń jẹ tán kì í sábà sí nínú wọ́ráńtì. Ohun tó bá ní àbùkù láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni ẹ ń wá: inú ẹ́ńjìnnì, gíà, férémù, mágínẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń pèsè iná máṣíìnì) àti CDI (àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì). Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò ti tún un ṣe, ẹ sì béèrè ẹni tí yóò san owó iṣẹ́. Ìwé mìíràn á fún yín ní ẹ̀yà ara lọ́fẹ̀ẹ́, owó mẹkáníìkì yóò wá jẹ́ tiyín.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, ti fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, tó sì lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún, bí ọlọ́jà kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì ni ẹ̀rí yín níbẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, torí pé tàdáwà rìsíìtì mìíràn máa ń ṣí kí ọdún tó yí po.

Bí wọ́n bá fẹ́ ta àfikún wọ́ráńtì fún yín, èmi kì í gbà á bí ibi iṣẹ́ wọn kò bá sí nínú ìlú tí mò ń gbé. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé máṣíìnì tó kú lọ sí ìlú mìíràn, àti ọjọ́ tí yóò fi jókòó níbẹ̀, lè ju owó àtúnṣe lọ. Mo máa ń fi owó yẹn ra akoto.

Ohun tí ẹ óò kó sí i lára

Ibí yìí ni mo ti rí àwọn tó ṣe gbogbo ìyókù dáadáa tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ya ìwé wọ́ráńtì wọn. Láti ṣọ́ọ̀bù, wọn kò ní lọ sílé. Ọ̀dọ̀ rìwáyà ni wọn yóò gbà lọ pé kó fi álààmù, hónù ọkọ̀ àjàgbé, iná aláràbarà àti ibi tí wọn yóò ti máa cháàjì fóònù sí i. Rìwáyà yóò gé wáyà tó bá sún mọ́ ọn, yóò lọ́ ọ pọ̀, yóò sì fi téèpù wé e. Òjò àkọ́kọ́ á wọ inú téèpù náà. Mágínẹ́ẹ̀tì máṣíìnì kékeré kò lágbára tó iná méjì mẹ́ta tí wọ́n kó lé e, bátìrì kò ní kún mọ́, lọ́jọ́ kan CDI yóò jó. Bí wọ́n bá tì í dé ṣọ́ọ̀bù, ohun tí mẹkáníìkì ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò ṣí síìtì sókè. Bó bá ti rí wáyà tí wọ́n lọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kódà bó bá jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ni CDI náà ti ní àbùkù.

Èkejì ni jórinjórin, ó sì burú ju rìwáyà lọ. Àwọn ènìyàn ń fẹ́ káríà tó gùn tó fi lè gba àpò méjì, tàbí gáàdì ẹsẹ̀ tó nípọn. Jórinjórin yóò kàn ki iná bọ férémù náà, pẹ̀lú bátìrì àti CDI lórí ìjókòó wọn. Iná wẹ́dà máa ń gba inú férémù kọjá, ó sì lè ba CDI àti retifáyà (èyí tó ń ṣètò iná tó ń lọ sí bátìrì) jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí èéfín kankan. Ooru rẹ̀ tún máa ń sọ irin di aláìlágbára níbi tí wọ́n jó o, ibẹ̀ gan-an ni ẹrù yóò sì wá máa fà. Mo ti rí ìrù férémù tó dá sí méjì tòun ti àpò àgbàdo lórí. Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò dáhùn fún férémù tí ẹlòmíràn ti jó.

Nítorí náà, kí ìwé wọ́ráńtì tó parí, ohun tí ẹ óò fi sí máṣíìnì kò gbọdọ̀ gé wáyà, kò gbọdọ̀ lu ihò, kò gbọdọ̀ jó irin. Gáàdì àti káríà tí ń fi bóòtù dè wà ní ọjà, èyí tí wọ́n ṣe fún irú máṣíìnì yín gan-an. Ó wọ́n ju ti jórinjórin lọ díẹ̀, ẹ ra á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má lo jórinjórin, kó tú bátìrì àti CDI kúrò pátápátá, kó mọ̀ pé òun ti fi wọ́ráńtì férémù sílẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá sì fi dandan béèrè iná kan, kí rìwáyà fa wáyà tuntun láti orí bátìrì pẹ̀lú fúùsì tirẹ̀ àti rílè (súìsì kékeré tó ń tan iná náà), kó má fọwọ́ kan wáyà tí wọ́n kó wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù náà pé ṣé wọ́n fara mọ́ ọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Ní ti álààmù, ṣéènì onípádí tó nípọn tí ẹ fi de táyà ẹ̀yìn mọ́ òpó dára jù ú lọ, kò sì lo bátìrì. Ẹ má yọ irin ààbò tí àwọn máṣíìnì Íńdíà kan máa ń ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin máa ń sọ pé kò dára lójú. Òun ni kì í jẹ́ kí ìró obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tàbí etí agbádá wọ inú sípóòkù. Agboòrùn ńlá tí wọ́n ń gbé dúró sórí ọ̀kadà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tírélà kan ṣoṣo tó láti fi í gbé yín kúrò lójú ọ̀nà.

Akoto ni kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó bá kù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2009 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto, nígbà tí àwọn kan ń dé igbá àti ike ọ̀dà sórí kí wọ́n má bàa mú wọn. Akoto ọ̀fẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa ń fi ta oníbàárà lọ́rẹ kò sàn ju ike yẹn lọ púpọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ́ìlì rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá àmì ìlànà ààbò, ECE tàbí DOT, lára rẹ̀, ẹ dé e, ẹ de okùn àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ mi orí: bó bá ń yí lórí yín, ó tóbi jù. Ẹ má ra tòkunbọ̀, nítorí fóòmù inú rẹ̀ lè ti gba ìlù kan rí tí ojú kò lè rí. Ẹ ra méjì. Èrò tó ń bẹ̀rù oògùn ìkà tàbí àrùn awọ orí, ẹ fún un ní fìlà aṣọ tó mọ́ kó dé sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá dé ilé

Nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé ìní, ìwé àṣẹ ìgùnmáṣíìnì àti ìńṣọ́ránsì, ẹ gba gbogbo wọn kí ẹ tó bọ́ sí títì. Ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má ki ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, ẹ má sì gbé ẹrù tó wúwo. Ọ́ìlì máṣíìnì ni kí ẹ máa lò, 20W-50 tó ní àmì JASO MA, èyí tó fi hàn pé ó bá kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì mu, lára ike rẹ̀. Inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀, ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mìíràn yóò sì mú kó máa yọ̀.

Iye kìlómítà tí ìwé bá sọ fún sáfíìsì àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá rárá, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i pé kò sí ohun tó ń ṣe máṣíìnì náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yín. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì lójú yín, kí wọ́n tún gbogbo bóòtù dè, kí wọ́n wo bí ṣéènì ṣe le sí. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kọ kìlómítà tó wà lójú àago sínú ìwé wọ́ráńtì, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí i.