Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọmọ Tí Ó Ń Yàgbẹ́ Gbuuru Nílé

Bí ọmọ bá ti yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ kan, ẹ má ṣe jókòó kí ẹ máa sọ pé eyín ló ń hù. Omi àti iyọ̀ tí ó ń bá ìgbẹ́ jáde ni ó ń sọ ọmọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, kí a dá wọn padà sí i lára sì ni iṣẹ́ wa nílé. Ẹ ra ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà inú àpò tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ mu, àti oògùn síǹkì. Èmi kì í jẹ́ kí méjèèjì tán nínú ilé mi.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì fi omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù po ORS náà. Ìwọ̀n omi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ọmọ léṣe. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ORS: bí ó bá ní lítà 1, lítà 1 náà ni, a kì í sì í dá a sí méjì. Mo ti rí ẹni tí ó da odindi àpò sínú ife kan ṣoṣo, ó ní kí ó lè tètè ṣiṣẹ́. Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè dá gìrì sílẹ̀. Bí omi bá sì pọ̀ jù, agbára rẹ̀ ti dínkù nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ṣúgà kún un, ẹ má sì fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ṣúgà àpọ̀jù a máa mú kí ìgbẹ́ náà le sí i. Ife ilé kan yàtọ̀ sí ti ilé kejì, nítorí náà ike omi 50cl méjì tí mo fọ̀ mọ́ ni mo fi ń wọn tèmi.

Bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi. Kí ṣíbí má ṣe ga gegele. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e pẹrẹsẹ. Ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó mu ún: bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù. Èyí tí ó bá ti pé wákàtí 24, ẹ da ìyẹn náà nù.

Ṣíbí ni kí ẹ fi máa fún un, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu 50 sí 100 ml. Èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ á mu 100 sí 200 ml. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmú kò gbọdọ̀ dúró, oúnjẹ náà kò sì gbọdọ̀ dúró. Síǹkì jẹ́ 20 mg lóòjọ́ fún ọmọ oṣù 6 sókè, 10 mg fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Oògùn tí àgbàlagbà fi ń dá ìgbẹ́ dúró kì í ṣe ti ọmọdé.

Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tí ó ń bi gbogbo ohun tí ó mu, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí gìrì mú un, tí ó ń sùn ṣáá tí kò ṣe é jí dáadáa, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí 6, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 kò ní ìdúró rárá, pàápàá bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ kọ iye ìgbà tí ó yàgbẹ́ sórí ìwé fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì máa fi ṣíbí fún un ní ORS lójú ọ̀nà bí ó bá ṣì lè gbé e mì.