Bí mo ṣe fi ṣọ́ọ̀kì fa ojú ọ̀nà bàálù sí pápá ní Ìbarà

Òfuurufú lè fẹ̀, kí ilẹ̀ sì há. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi l'Abẹ́òkúta rí nìyẹn, torí gbogbo wọn ló gbà pé bí bàálù bá pẹ́, ọ̀lẹ ni awakọ̀ rẹ̀.

Mo fa ìlà gígùn kan sí pápá, ó di ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí bàálù yóò máa bà lé. Ọmọ mẹ́fà di bàálù. Àwọn mẹ́ta tó gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn ni ńlá, mẹ́ta yòókù jẹ́ agbedeméjì. Bàálù ńlá máa ń fi ìjì tó ń yí sílẹ̀ lẹ́yìn apá rẹ̀, ìjì yìí sì lè da èyí tó kéré nù. Nítorí náà, agbedeméjì gbọ́dọ̀ fi máìlì orí òkun (ìwọ̀n tí àwọn awakọ̀ bàálù ń lò) 5 jìnnà sí ńlá tó ṣáájú rẹ̀; ńlá sí ńlá, 4; èyíkéyìí tó bá tẹ̀lé agbedeméjì, 3. A sọ máìlì di ìṣísẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tò wọ́n ní ńlá, agbedeméjì, ńlá, agbedeméjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ àlàfo wọn jẹ́ ìṣísẹ̀ 21. Mo ní kí wọ́n tún un tò fúnra wọn. Ariwo sọ! Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló rí i: "Sà, ẹ jẹ́ kí àwọn agbedeméjì kọjá tán ná, kí àwọn ńlá wá tẹ̀lé ara wọn." A kà á, ó di 17. Bàálù ò dín, ojú ọ̀nà ò pọ̀ sí i.

Mo wá fi ọmọ kún ọmọ títí ètò náà kò fi gbà wọ́n mọ́. Àwọn tó ṣẹ́kù ń yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bí bàálù ṣe ń yí po lókè Bovingdon àti Ockham nítòsí London kí wọ́n tó bà sí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Epo ni wọ́n ń jó yẹn. Mo ní kí àwọn tí kò tíì gbéra jókòó sábẹ́ máńgòrò títí n ó fi pè wọ́n. Iṣẹ́ yìí ni àjọ Eurocontrol ń ṣe láti Brussels, tó ń yan àkókò ìgbéra fún bàálù Yúróòpù.

Ọmọkùnrin kan ráhùn lábẹ́ igi: "Sà, òjò ò rọ̀ níbí o, kí ni mò ń dúró dè?"

Mo ní, "Ibi tí ò ń lọ ni wàhálà wà."