Àyẹ̀wò Ìṣẹ́jú Mẹ́rin, Owó Oúnjẹ Ọ̀pọ̀ Ọ̀sẹ̀

Owó màlúù kọ́ ló dùn mí, owó oúnjẹ tí mo san lórí màlúù tí kò tíì di tèmi ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú 4 lọ ló dá mi dúró títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo àsìkò yẹn ni ẹni tó ni ẹran sì ń ka ₦3,000 sí mi lọ́rùn lójoojúmọ́.

Bunaji ni, irú màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń dà, ẹgbọrọ abo tí kò tíì bímọ rí, funfun báláú, etí àti imú dúdú. Ó gba rìbọ́nì níbi àfihàn àwọn àgbẹ̀ kan, àtìgbà náà ni owó rẹ̀ ti gòkè: ₦850,000, bẹ́ẹ̀ agbo yẹn kan náà ni wọ́n ti ta ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ₦600,000. Mo ní fún ẹni tó ni ín, "Ẹ̀gbọ́n, rìbọ́nì kì í bímọ o." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dín kọ́bọ̀.

Ohun tí ojú rí ni adájọ́ àfihàn ń wò: ẹ̀yìn tó tẹ́, ìdí tó kún, awọ tó ń dán. Èmi ń wá ìyá màlúù ní tèmi. Ọ̀rá tó jẹ́ kó gba rìbọ́nì gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹgbọrọ tí wọ́n bá bọ́ ní àbọ́jù láti kékeré, ọ̀rá lè gba ibi tó yẹ kí wàrà ti máa jáde nínú ọmú, ó sì lè há ojú ọ̀nà tí ọmọ máa gbà jáde. Mo tẹ ìdí ìrù rẹ̀, mo tẹ ìhà rẹ̀. Ọ̀rá wà lóòótọ́, àmọ́ ìka mi ṣì ń kan egungun. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ò gba àkókò. Orí ọmú mẹ́rin, kò sí àlékún, ìbàdí fẹ̀, ìrìn já gaara, ó ti pààrọ̀ eyín iwájú méjì, ìyẹn ni pé ó ti tó bí ọdún 2 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹni tó bá ti ra màlúù rí mọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìbejì ni mi ò fi ṣeré. Abo tí òun àti akọ bá jọ wà nínú oyún kan, bí 9 nínú 10 wọn ni kì í bímọ láéláé, bó ti wù kó lẹ́wà tó, torí ẹ̀jẹ̀ wọn ti pàdé nínú ìyá, ohun tó wá láti ara akọ kò sì ní jẹ́ kí ilé ọmọ abo dàgbà dáadáa. Mi ò bi Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Fúlàní tó ń dà wọ́n ni mo bi. Ó ní òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ó sì nawọ́ sí ìyá náà nínú agbo. Dókítà ẹran wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó ti ọwọ́ bọ ìdí rẹ̀, ó yẹ inú wò, ó ní gbogbo ẹ̀ ló pé. Orí mi wú! Mo ti ń wo igi tí màá so ó mọ́.

Ó wá ku Brucella. Kòkòrò àìfojúrí yìí máa ń ba oyún màlúù jẹ́ nígbà tó bá ti lé ní oṣù 5, ẹni tó bá mu wàrà tí wọn ò sè tàbí tó fi ọwọ́ lásán gbẹ̀bí màlúù sì lè kó o. Mi ò lè mú irú ẹ̀ wọ agbo mi. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Rose Bengal kò sì nira: wọ́n á kán omi ara ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kán oògùn rẹ̀ tì í, wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á máa mì í fún ìṣẹ́jú 4. Bó bá dì wóró-wóró, àrùn ń bẹ.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dé yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tó yẹ kó gbà á ti lọ sí òde ìnáwó. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí tábìlì di Mọ́ńdè, ooru bà á jẹ́, wọ́n ní ká mú òmíràn wá. A mú òmíràn dé, oògùn tán. Oògùn dé, iná lọ. Bẹ́ẹ̀ inú fíríìjì ni oògùn yìí gbọ́dọ̀ máa wà. Mo béèrè bóyá èyí tó wà láìsí iná láti àná ṣì dára. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ wò mí tòkè tilẹ̀: "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ ni?" Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Èmi náà ni mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀ wọn nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n ń pè ní gbogbo ìgbà yìí. "Àbúrò, màlúù rẹ ń jẹun o." Tí ọ̀rọ̀ bá ti kan oúnjẹ, màlúù di tèmi. Kí n ní ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iye, á tún di tiwọn!

Nígbà tí wọ́n máa ṣe é, mo dúró tì wọ́n, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú 4. Kò dì. Mo ti ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ náà mọ́ ọn, torí ẹgbọrọ lè kó o láti inú ìyá kí ó má hàn nínú àyẹ̀wò títí tó fi máa bí àkọ́bí. Ti ìyá náà mọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ní òun ò rò pé màá rántí ìyẹn.

Ẹ tètè wá yàrá àyẹ̀wò kí ẹ tó dá owó lé màlúù. Ẹ bi wọ́n: oògùn ńkọ́, iná ńkọ́, ta ló máa gba ẹ̀jẹ̀? Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ ní Jímọ̀ láéláé. Kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á sì kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó máa bọ́ ẹran títí èsì á fi dé.

₦750,000 la parí ẹ̀ sí, láìka owó oúnjẹ. Ó ti wá akọ nílé mi, ó sì tún wá a lẹ́yìn bí ọjọ́ 21, bó ṣe yẹ. Akọ Keteku kan ládùúgbò, irú màlúù tí kì í tóbi, ni mo yá, kí ọmọ àkọ́kọ́ má baà tóbi jù fún un. Akọ Gudali, irú màlúù mìíràn, fìrìgbọ̀n tí ẹnì kan fi lọ̀ mí lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kó bá mi tọ́jú ẹ̀ di oyún kejì.