Fún Ẹni Tó Máa Jókòó Sórí Àga Mi

Ọmọ mi, ọdún 35 mi ti pé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní ọ́fíìsì akọ̀wé ọ̀gá, ní Alágbàka, l'Ákùúrẹ́. Mi ò ní kọ́ ẹ ní taípù, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

Tí ọ̀gá bá ń dé ní aago mẹ́jọ, kí ìwọ ti jókòó ní méje ààbọ̀. Ṣí dáyárì, kọ ti ọjọ́ náà sórí ìwé pélébé kan: aago, orúkọ, ohun tí wọ́n bá wá. Kó fáìlì tí wọ́n máa nílò, kí èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè wà lókè pátápátá. Tí o bá ń fi ọjọ́ ìpàdé ránṣẹ́, kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀, kí o sì tún wo kàlẹ́ńdà lẹ́yìn tí o bá kọ ọ́ tán. Mo ti kọ "Ọjọ́rú, 14" rí, Ọjọ́bọ̀ sì ni 14. Bàbá kan gbéra láti Òkìtìpupa, wọ́n dé ní Ọjọ́rú, ọ̀gá wà ní Ọ̀wọ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bọ́ bàtà, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Àlejò gan-an niṣẹ́. Ní Àkúrẹ́ yìí, mọ̀lẹ́bí ọ̀gá ni gbogbo ẹni tó bá wọlé. Má sọ pé "ọ̀gá ò ráyè". Dìde, kúnlẹ̀ fún àgbà, fún wọn lága, kó o tó bèèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni kí n ní ó ń bèèrè wọn?" Kọ orúkọ náà sílẹ̀ lójú wọn, ara àgbà máa ń rọ̀ tó bá rí i pé wọ́n kọ orúkọ òun. Fẹsẹ̀ ara ẹ gbé ìwé náà wọlé. Má purọ́ pé ọ̀gá ò sí, torí ohùn wọn máa ń gba ara ògiri jáde. Tí wọ́n bá wà nípàdé, sọ bẹ́ẹ̀, kó o sì fún àlejò ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ní òun kàn fẹ́ kí wọn lásán, òun ló máa pẹ́ jù nínú ilé.

Ní ti ìwé ìpàdé, ṣọ́ọ̀tì-háǹdì Pitman, ìkọ̀wé kíákíá alámì tí àwa kọ́, lè gba gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kà á? Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, fi rúlà la ojú ìwé sí mẹ́ta: ohun tí a fẹnu kò sí, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa parí. "A jíròrò lórí òrùlé tó ń jò" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí á pe káfíńtà, kó tó di Ọjọ́ Ẹtì" ni ìwé ìpàdé. Tí wọ́n bá fẹ́ kọjá láì dárúkọ ẹnì kan, rọra ti ìwé pélébé sí iwájú ọ̀gá: "Ta ló máa ṣe é, sà?" Tí wọ́n bá bú ara wọn, má kọ èébú. Taípù ìwé ìpàdé náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Kọ nọ́ńbà fólíò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ipò ìwé nínú fáìlì, sí igun òkè lápá ọ̀tún gbogbo ìwé tó bá wọ fáìlì. Nígbà tí Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwa la to fáìlì tó ń lọ sí Adó. Èyí tó ní nọ́ńbà, wẹ́rẹ́ la ṣe é. Èyí tí kò ní, ilẹ̀ la tẹ́ ẹ sí, tí à ń fi déètì wá ìdí ẹ̀. Tí ọ̀gá bá kọ B.U. ("Bring Up", pé kí o gbé fáìlì náà padà wá) àti déètì sórí fáìlì, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni kó o gbé e sínú dáyárì, ní ọjọ́ kan ṣáájú. K.I.V. ("Keep In View", pé kí o máa fojú sí i) ni kó o ṣọ́ra fún, torí kò ní déètì, ibẹ̀ ni fáìlì ń kú sí. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń yẹ tèmi wò.

Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà nínú ife tí mo ń kó báírò sí. Kẹ́tùlù yẹn ń jò, má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì.