Táìsì tó ń mu omi: bí mo ṣe tún balùwẹ̀ kékeré ṣe ní àṣà Mẹ́síkò

Abẹ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ ìlú Puebla ní Mẹ́síkò ni mo ti kọ́ṣẹ́ títẹ́ táìsì níbí ní Houston. Maestro ni gbogbo àwa tó wà lábẹ́ wọn ń pè wọ́n, bí àwọn ará Mẹ́síkò ṣe ń pe ẹni tó gbówọ́ nínú iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé táìsì Talavera, ìyẹn táìsì amọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ya àwòrán sí, lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dojú ẹ̀ délẹ̀, kí n kán omi sí i lẹ́yìn. Omi náà ò tiẹ̀ ráyè ṣàn. Amọ̀ yẹn fà á mu lójú mi, bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n ní kí n má gbàgbé ohun tí mo rí yẹn. Mi ò gbàgbé, àmọ́ ó ná mi lówó kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Balùwẹ̀ tí mò ń wí yìí, tilé mi ni. Ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú, 8 ní gígùn, kò ní fèrèsé.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ mú ibì kan ṣoṣo tí àwòrán máa wà. Mo ti wọ balùwẹ̀ tí wọ́n fi táìsì olódòdó bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin látòkè délẹ̀. Ojú mi ò ríbi sinmi, yàrá náà sì há mọ́ mi láyà. Ẹ̀yìn síǹkì lèmi mú: ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 3 ní gíga. Táìsì onínǹṣì 4, mẹ́sàn-án ló ń bo ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, nítorí náà 108 ló yẹ kí n rà. Mo ra 120, torí òmíràn á fọ́, òmíràn á sì ti wọ́ látinú iná.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ojúlówó Talavera ni. Àwọn amọ̀kòkò tó ti Sípéènì wá ló gbé iṣẹ́ náà dé Puebla láàárín ọdún 1500 sí 1600, nígbà tó sì fi máa di 1653, ẹgbẹ́ wọn ti ní òfin lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é. Búlúù ló wọ́n jù nínú àwọn àwọ̀ wọn, òun ni wọ́n sì fi ń dá iṣẹ́ tó dára jù mọ̀. Lónìí, òfin ilẹ̀ Mẹ́síkò ń dáàbò bo orúkọ náà fún àwọn oníṣẹ́ Puebla àti Tlaxcala, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé àjogúnbá rẹ̀ lọ́dún 2019. Tèmi kì í ṣe ti Puebla: èyí tí owó mi ká wá láti Dolores Hidalgo, ní ìpínlẹ̀ Guanajuato. Iṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà, ó dára, mo sì ń pè é ní orúkọ ìlú tó ti wá. Ìdí ìkòkò aró màmá mi ni mo dàgbà sí ní Abẹ́òkúta, mo mọ búlúù tó jinlẹ̀ bí mo bá rí i.

Ẹ tú gbogbo táìsì náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó po sìmẹ́ńtì. Méjì ò ní í dọ́gba: ìkan á nípọn, ìkejì á fi díẹ̀ tóbi jù. Ẹ kó èyí tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ibi tẹ́ ẹ máa gé ló wà fún. Ẹ fi kànìnkànìn tútù nu ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má bàa fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ kó tó mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tírówèlì eléyín ya sìmẹ́ńtì sí ògiri, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ ra ẹ̀yìn táìsì náà, kẹ́ ẹ fi èyí tó tín-ín-rín bá èyí tó nípọn dọ́gba. Àlàfo mìlímítà 3 tàbí 4 ló dáa. Okùn àti ojú yín ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ ìlà náà. Àwọn ike kéékèèké tí wọ́n ń kì sáàárín táìsì ilé iṣẹ́ ò wúlò níbi tí ìwọ̀n ò ti dọ́gba.

Ibi tí mo ti jìyà rèé. Ojú dídán táìsì yìí máa ń sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ bí irun orí ọmọ tuntun. Mo fi gráòtì dúdú, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo àárín táìsì, ra á láìkọ́kọ́ fi síílà tó ń dènà omi pa á lójú. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ìlà dúdú tín-ín-rín ti sá wọ inú gbogbo òdòdó funfun, mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Táìsì 14 ni mo fi òòlù hú dànù, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ pa síílà sí i lójú, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi gráòtì kàn án. Tó bá gbẹ tán, ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Funfun ni mo fi ògiri tó kù sí, láìmù ni mo sì lò, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná. Ní Mẹ́síkò, wọ́n máa ń rẹ nopal, ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan, tí wọ́n gé sínú omi títí táá fi yọ̀ bí ilá, wọ́n á wá fi omi náà po láìmù kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Èébu, ìyẹn ohun tó máa ń hù lára ògiri tó tutù, kì í fẹ́ràn ojú láìmù, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí kò sí fèrèsé; síbẹ̀, ẹ má yọ fáànù tó ń fa ooru síta. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, torí ó máa ń jóni. Kì í mú lórí ọ̀dà oníke, ẹ ní láti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò.

Síǹkì bàbà tí wọ́n fi òòlù lù ní Santa Clara del Cobre, ní ìpínlẹ̀ Michoacán, bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Ẹ má fi ọṣẹ líle tàbí òronbó wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọwọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Dígí tó ní férémù páánù kan ṣoṣo lẹ̀ ń fẹ́ lókè rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀, táìsì amọ̀ Saltillo ni, láti ìpínlẹ̀ Coahuila ní Mẹ́síkò, òun náà ń mu omi, ó ń fẹ́ síílà lóòrèkóòrè, mi ò sì lè tẹ́ ẹ síbi tí omi ti ń dà. Ìta gbangba ni wọ́n máa ń sá amọ̀ náà sí kí wọ́n tó sun ún, ajá àgbàlá a sì máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan nínú èyí tí mo rà ní ojú ẹsẹ̀ ajá lára, ìka mẹ́rin àti àtẹ́lẹsẹ̀. Maestro ní wọ́n kà á sí oríire, kí n má gé e. Iwájú síǹkì gan-an ni mo tẹ́ ẹ sí. Láràárọ̀, ọmọ mi obìnrin á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín.