Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Àwọn Méyọ̀ Àtijọ́ ní Ìlú Ìhunṣọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìtọ́sọ́nà fún Òǹkọ̀wé Tó Wà ní Ìlọrin

Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì kan, lábẹ́ George Goldie, yin àgbá lu Ìlọrin títí tí Ẹ́míà Sulaiman fi gbà láti bá wọn ṣe àdéhùn. Ní ọdún 1920, William Lever, oníṣòwò ọṣẹ tí wọ́n bí ní Bolton ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn ra ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti di Niger Company nígbà náà. Lever yìí ni méyọ̀, ìyẹn olórí ìgbìmọ̀ ìlú, ní Bolton láti 1918 sí 1919. Ìdí nìyí tí mo fi gbàgbọ́ pé ìtàn àwọn méyọ̀ ìlú ìhunṣọ kì í ṣe ti àwọn ará ibẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá wà ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán lè kọ ọ́, ó sì lè kọ apá kan nínú rẹ̀ dáadáa ju ẹni tó wà ní Bolton lọ, bí ó bá mọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ipò tí ẹ fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Méyọ̀ kì í ṣe ọba, ipò náà kì í sì í ṣe ti ìdílé. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1835 ni ó fi ìdí ìgbìmọ̀ ìlú tí a dìbò yàn múlẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yìí ni wọ́n ń yan méyọ̀ fún ọdún kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè tún un yàn. Òun ni alága ìpàdé ìgbìmọ̀, láyé ìgbà náà, ó sì máa ń jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ kékeré ní ọdún tí ó wà nípò. Àwọn ìlú tí ilé-iṣẹ́ òwú àti irun àgùntàn sọ di ńlá kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́jọ́ kan náà: Bolton gbà á ní 1838, Bradford ní 1847, Oldham ní 1849, Blackburn ní 1851, Rochdale sì ní 1856. Ọdún tí ìlú yín gba ìwé àṣẹ ni àkọsílẹ̀ àwọn méyọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń to orúkọ wọn, ẹ kọ ọdún méjì sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń yan méyọ̀ láyé ìgbà náà, nítorí náà ẹni tí ìwé kan pè ní méyọ̀ ọdún 1848 lè jẹ́ ẹni tí ìwé mìíràn pè ní méyọ̀ ọdún 1849, kí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Ẹ kíyèsí ìyípadà orúkọ ipò pẹ̀lú, nítorí láti ọdún 1907 ni Bradford ti ń ní Lord Mayor, orúkọ oyè tó ga ju méyọ̀ lásán lọ. Ní ọdún 1974, wọ́n da ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú kéékèèké pọ̀ mọ́ àwọn tó tóbi, ìwé wọn sì máa ń bá wọn lọ.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń kọ gbogbo ayé méyọ̀ láti ìbí dé ikú, wọ́n á sì fi gbólóhùn kan péré sọ ọdún tí ó wà nípò. Ní tèmi, ọdún yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹ dúró lé lórí. Ẹ wo Titus Salt, tí ó di méyọ̀ kejì ní Bradford ní 1848. Nígbà tí ó wà nípò ni àrùn kọ́lẹ́rà wọ ìlú náà ní 1849, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn àdúgbò tí omi rere kò sí, tí èéfín ilé-iṣẹ́ sì bò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1851, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹ̀bá odò Aire, lẹ́yìn ìlú, ní ibi tí a ń pè ní Saltaire, ó sì ṣí ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 1853, ọjọ́ tí ó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹni tó bá ka ìtàn Saltaire láìka ti ọdún kọ́lẹ́rà kò lè mọ irú ìlú tí Salt fi sílẹ̀ kó tó kọ́ tirẹ̀.

Bákan náà ni ó rí fún ẹnikẹ́ni tó jẹ́ méyọ̀ ní Lancashire, agbègbè ìhunṣọ òwú tí Bolton, Oldham, Blackburn àti Rochdale wà, láàárín 1861 sí 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dí ọ̀nà òwú, tí àwọn ẹ̀rọ dúró, tí ebi sì mú àwọn tó ń ran òwú àti àwọn tó ń hun aṣọ. Ẹ béèrè ohun tí méyọ̀ yín ṣe: ta ni ó pín oúnjẹ fún, ta ni wọ́n lé padà, iṣẹ́ wo ni wọ́n fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ní Oldham, àwọn òṣìṣẹ́ òwú tí kò níṣẹ́ mọ́ ni wọ́n ṣe Alexandra Park, ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1865. Ọgbà náà wà níbẹ̀ dòní.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ nílò ni ẹ lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Ìkànnì FreeBMD ní àkójọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú láti 1837. Ìkànìyàn tó ní orúkọ olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti 1841, ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó sọ iye ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nínú ilé méyọ̀, ó sì sọ iṣẹ́ tí àwọn tó ń gbé ládùúgbò rẹ̀ ń ṣe. Ẹ má wá ti 1931, nítorí iná jó o ní 1942. London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, máa ń tẹ ìròyìn ajùmọ̀ṣòwò tó túká, onígbèsè tó wọ kóòtù àti ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí méyọ̀ náà bá dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ ó ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nínú Hansard, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nílé náà. Ìwé ìròyìn ìlú ni ó máa ń gba owó, ṣùgbọ́n òun ló ní ọ̀rọ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú owó yín dìgbà tí ẹ bá ti mọ oṣù tí ẹ ń wá.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa ohun tí ìwé ìròyìn kọ nígbà tí méyọ̀ kú. Ó dà bí oríkì tí wọ́n fi ń sìn òkú, ṣùgbọ́n oríkì tiwa a máa fi àléébù ẹni há àárín ìyìn, èyí tí ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà kì í sábà ṣe. Ẹ kà á fún ọjọ́, fún ilé ìjọsìn àti fún orúkọ àwọn tó wá síbi ìsìnkú. Fún ìwà rẹ̀, ẹ wo ìyanṣẹ́lódì tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ.

Ẹ má fo àwọn obìnrin. Sarah Lees wọ ìgbìmọ̀ Oldham ní 1907, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe kánsẹ́lọ̀ ní Lancashire, ó sì di méyọ̀ láti 1910 sí 1911, nígbà tí obìnrin kankan kò tíì lè dìbò yan aṣòfin ní ilẹ̀ náà.

Apá tó kàn ni ó jẹ mí lógún jù. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ohun tí méyọ̀ náà fi ṣọrọ̀ ti wá, àti ibi tí ó lọ tà á. Bí ẹ bá kọ nípa Lever, àwọn ará Bolton yóò sọ fún yín pé ó ra Hall i' th' Wood, ilé tí Samuel Crompton ti ṣe ẹ̀rọ ìrànwú rẹ̀ ní 1779, ó sì fi ta ìlú lọ́rẹ. Wọ́n á sọ nípa ilé-ìwé tí ó fi owó rẹ̀ gbé ró àti ọgbà tí ó fún wọn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo pupa àti ekùrọ́ wà lára ohun tó di ọṣẹ rẹ̀. Ní Kóńgò tí Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣàkóso, níbi tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti gba ilẹ̀ ọ̀pẹ ńláńlá láti 1911, tipátipá ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣòwò òwú pẹ̀lú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Manchester ní 1902 kí wọ́n lè máa rí òwú gbìn ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fẹ́ kí reluwé gbé e jáde. Reluwé dé Ìlọrin ní 1908.

Fún apá yìí, ẹ lọ sí Kàdúná, sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àtijọ́, níbi tí àwọn ìwé ìjọba amúnisìn nípa Ìlọrin wà. Ẹ dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété, tí ó ní ibùdó fún àwọn ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Kí ẹ sì jókòó ti àwọn àgbà tó ń hun aṣọ òfì, kí ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ bi wọ́n bí òwú rírà ṣe rọ́pò òwú tí àwọn ìyá wọn ń ran, àti ohun tí àwọn baba wọn sọ nípa aṣọ òkè òkun tó wọ ọjà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ bí ó bá gbà, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe kọ ojú ìwé àti ọdún ìwé ìròyìn. Kí ẹ sì to ohun tí wọ́n bá sọ sí ibi tí ọdún rẹ̀ bọ́ sí nínú ìtàn, láì sọ ọ́ di àfikún lẹ́yìn ìwé.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ yẹ àwọn orúkọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí bàbá àti ọmọ sábà máa ń jẹ́ orúkọ kan náà. William Henry Hornby ni méyọ̀ àkọ́kọ́ ní Blackburn ní 1851, ó sì di aṣòfin ní 1857; ọmọ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an tún di aṣòfin fún ìlú kan náà ní 1886. Bí ẹ kò bá lè ya méjì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé ìlú náà: ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.